Ọsàn Wẹ́wẹ́ Tí Hepisipa Fi Kọ́ Ìṣirò

Sitiveni ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Lesieli ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Auckland níbẹ̀, títí kan àwọn tí n kò mọ̀. Mo kí òtútù tó ń mú yín náà, kó rọra. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja inú òkun tí kì í sùn, òun ni mo ń fi yín lé lọ́wọ́ láràárọ̀ kí n tó fi ẹnu kan omi. Ara mi le. Orúnkún mi nìkan ló máa ń bá mi jà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé àwa méjèèjì la jọ dàgbà, kò sí ibi tó máa sá lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ dúdú yẹn ti bímọ. Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé so débi pé ẹ̀ka kan ya, ó sì wó lu ibi tí bàbá rẹ máa ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà, tí n kò pè ọ́ lórí fóònù tí o fi ránṣẹ́. Ọmọ mi, fóònù yẹn kò ní sùúrù. Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́sí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ọ tán, mo kí ìyàwó rẹ, mo ń múra àtigbàdúrà ni obìnrin kan já lu ọ̀rọ̀ wa, ó ní owó mi ti tán. Mo bi í pé ta ló sọ fún un, kò dáhùn. N kò mọ irú ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fún un. Èyí tó ń fi ojú hàn yẹn ńkọ́, mo máa ń wẹ̀, mo máa ń ró ẹní iyì wa mọ́ ìdí bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí n kò fẹ́ kí ará Auckland rí mi láìmúra, ẹ óò sì wá sọ pé iwájú orí mi nìkan lẹ̀ ń rí. Lẹ́tà sàn jù. Ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ pọ̀, ó kan Hepisipa ọmọ rẹ tí ẹ fi sílẹ̀ kó máa bá mi gbé, ó kan ìdánwò kíláàsì kẹfà.

Ìwọ náà mọ bó ṣe rí. Ọmọ tó bá yege dáadáa nínú ìdánwò yẹn, ọkọ̀ òkun á gbé e lọ sí ilé-ìwé ńlá ní Tongatapu. Èyí tó bá yege díẹ̀ á lọ sí Pangai nítòsí níbí. Èyí tí kò bá yege á padà sórí bẹ́ńṣì rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún yìí ló kan Hepisipa, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tiẹ̀ wà láàárín wọn tó máa ń bì tí wọ́n bá ti dárúkọ ìdánwò. Wọ́n wá fún wọn ní tíṣà tuntun kan, Manase lorúkọ rẹ̀. Ọmọ wa ni, Haapai níbí ni ìyá àti bàbá rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n Auckland ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti mu ọmú, ibẹ̀ ló ti kàwé. Ó ga, ó tín-ínrín, ó máa ń wọ bàtà wọlé onílé kó tó rántí bọ́ ọ. Ó pe àwa òbí sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àwọn ọmọ wa ń bẹ̀rù ìdánwò bí ẹni ń bẹ̀rù ìjì, pé òun fẹ́ sọ ìmúra ìdánwò di eré, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín kọ́ ọ. Nígbà tó yá, olórí akọrin dìde, ó ní kí Tíṣà má bínú, ṣé ìdánwò làwọn ọmọ fẹ́ ṣe ni àbí ìgbéyàwó. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè gidi ni bàbá yẹn béèrè.

Mo délé, mo jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo ń rántí ìgbà tìrẹ. Tíṣà yín nígbà náà kì í ṣeré, pàṣán rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí yín káàárọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí pátákó tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà orin sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwàásù? Ìwọ àti Fineasi bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ rò pé n kò mọ̀. Bí pásítọ̀ bá ti wọnú àdúrà gígùn, ẹ óò máa ro nọ́ńbà orin wọ̀nyẹn pọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rò ó tán á fi ìka gún ẹnì kejì ní itan. Mo máa ń rí i pé èjìká bàbá rẹ ń mì, mo sì rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé e, àfìgbà tí mo la ojú mi kan tí mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa á kú lọ. N kò bá yín wí. Ẹ̀yìn yín ni mo máa ń jókòó sí, mo fẹ́ràn bí orí yín méjèèjì ṣe rí bákan náà láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ń kọ nọ́ńbà sí pátákó yẹn báyìí, mo ṣì máa ń wo àyè yín.

O yege. Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé ọ lọ, o gbé àpótí pákó tí bàbá rẹ kàn fún ọ, o ní tí o bá ti kàwé tán wàá padà wá gbin iṣu. Bàbá rẹ dá ebè tìrẹ sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ó ń gbìn ín fún ọ lọ́dọọdún títí ó fi kú. O wá sí ìsìnkú rẹ̀, a jẹ nínú iṣu yẹn, o sì tún padà lọ. Mi ò bá ọ wí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdánwò yẹn dára, òun ló sì gbé ọ lọ.

Jẹ́ kí n padà sórí Tíṣà. Ní ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀, Hepisipa ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú ìràwọ̀ bébà kékeré kan aláwọ̀ wúrà lórí iwájú orí. Mo rò pé nọ́ọ̀sì ló wá fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó fi ń sàmì sí àwọn tó ti gbà á. Mo fi òróró àgbọn pa ọmọ náà lára, mo tẹ́ ẹní fún un, mo ní kó dùbúlẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ òkun. Ó ní Màmá, ẹ̀bùn ni, mo mọ ìdáhùn ni wọ́n ṣe fún mi. Mo ní ibà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, kó dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni mo rí i tí àwọn ọmọ tó kù náà lẹ tiwọn mọ́rí, tí Tíṣà fúnra rẹ̀ lẹ ọ̀kan mọ́ àyà, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wú.

Mo bá gbé iṣu sísun àti ẹja, mo ní kí n fi kí Tíṣà, kí n sì fi ojú ara mi rí kíláàsì náà. Mo bá fóònù rẹ̀ lórí tábìlì, ó ń dún, àwọn ọmọ ń pariwo, kò gbé e. Ó tún dún, kò gbé e. Mo ní Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e, bóyá ìyá yín ni. Ó ní ẹnikẹ́ni kò pe òun, aago ló ń dún láti sọ fún àwọn ọmọ pé àkókò ìdáhùn ti tó. N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń lọ, mo sọ fún un pé kó pe ìyá rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ó pè é lóòótọ́. Ó wá sọ fún mi pé ìyá òun sunkún lórí fóònù, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń retí ohùn rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn ọmọ náà.

Ìwé ìdánwò gan-an ti yàtọ̀ sí tìrẹ. Ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́rin nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà kan níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ á sì fi pẹ́ńsù kun òbìrìkìtì kékeré tó bá wù ú. Hepisipa fi èyí tí wọ́n fi ń dánra wò hàn mí, mo rí i pé ó kun C lọ súà, B sì dúró síbẹ̀ bí opó. Ó dùn mí. Mo ní níbo la ti ń pín oúnjẹ báyìí, pé ẹnì kan á gba odindi ẹlẹ́dẹ̀, ẹnì kejì á gba ewé tí wọ́n fi dì í. Mo ní kó pín in káríkárí, kí lẹ́tà kankan má fi omijé lọ sílé. Ọmọ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Iye tó gbà lọ́sẹ̀ yẹn, n kò ní kọ ọ́ síbí. Tíṣà wá sílé, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló jẹ́ òtítọ́, irọ́ ni mẹ́ta yòókù. Mo ní ta ló wá ń tẹ irọ́ mẹ́ta jáde fún ọmọdé láti máa kà. Ó ní kí n ṣáà jẹ́ kí Hepisipa yan èyí tó bá rò pé ó tọ́.

Ṣùgbọ́n eré bọ́ọ̀lù ló dá wàhálà sílẹ̀, Sitiveni. Tíṣà á kọ oríṣiríṣi nọ́ńbà sí ojú pátákó. Á mú ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, á fún wọn ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ewé hun, á da ìṣirò sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù lu ìdáhùn ló jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á jó, á sì fi ẹni tó pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ní Auckland, àwọn ọmọ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé-ìwé pẹ̀lú ẹ̀rín. Níbí, ńṣe ni wọ́n dorí kodò. Ìwọ náà bá mi rò ó. Ní erékùṣù wa yìí, ta ni kì í ṣe ìbátan ta ni? Gbogbo ọmọkùnrin inú kíláàsì yẹn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò làwọn ọmọbìnrin ń pè wọ́n. Arákùnrin àti arábìnrin tí kì í jókòó nínú yàrá kan náà nílé, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ àwàdà lójú ara wọn, àwọn ni Tíṣà ní kí wọ́n máa jó yẹ̀yẹ́ ara wọn.

Ti Hepisipa ló tún wá burú jù, nítorí Kelepi ló mú fún un, Kelepi ọmọ Lute ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin. Ó ti pẹ́ tí o ti kúrò nílé, ṣùgbọ́n o kò lè tíì gbàgbé pé ọmọ arábìnrin bàbá ẹni, ọ̀gá ẹni ni. Bí Kelepi bá ní kí Hepisipa fún òun ní ẹja ọwọ́ rẹ̀, kó fún un ni. Òun ló ń kọ́kọ́ mú nínú ohun gbogbo, òun ló ń jókòó síwájú níbi òkú. Báwo ni ọmọ tí mo tọ́ ṣe máa ṣáájú Kelepi ju bọ́ọ̀lù? Kelepi fúnra rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni dúró de òun, ṣùgbọ́n ìṣirò kì í tètè yé e. Á wo òkè, á ka ìka, á tún un kà. Hepisipa á dúró tì í, bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ojú nílẹ̀, títí Kelepi á fi jù ú, nígbà náà lòun á wá ju tiẹ̀ sára ògiri. Bó ṣe rí lórí ìwé náà nìyẹn, torí tábìlì kan náà ni Tíṣà ní kí wọ́n jọ máa lò. Tí pẹ́ńsù Kelepi kò bá tíì kúrò lórí ìbéèrè kan, ti Hepisipa kò ní kúrò níbẹ̀, aago á sì dún bá wọn ní ìdajì ọ̀nà. Inú Lute dùn. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe tò ó nìyẹn, òun kọ́ lòun tò ó.

Tíṣà wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun kò ní jẹ títí òun á fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ọmọ dáadáa ni Hepisipa, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀ nínú ìwà, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé, bó bá wọlé ìdánwò lọ́dún yìí ìtìjú ló máa bá jáde. Ó ní ẹ jẹ́ kó bá yín gbé fún ọdún kan sí i.

Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Inú mi dùn. Mo mọ̀ pé Tíṣà ṣi ọmọ náà mú, mo mọ ìdí tó fi ṣì í mú, mo sì pa ẹnu mi dé, mo bu iṣu sí i fún un. Mo ń rò ó pé èmi náà á tún gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé yìí fún ọdún kan gbáko. Òun ló ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ fún mi. Òun ló ń bá ẹlẹ́dẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, tó sì ń dáhùn fún ẹlẹ́dẹ̀. Bó bá ń rìn bọ̀ láti etíkun tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ gan-an ni. Wọ́n ti gbé irú rẹ̀ lọ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan rí.

Lọ́jọ́ Sátidé a jókòó, à ń ya ewé tí a fẹ́ fi hun ẹní. Mo gbọ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹnu. Mo ní kí lò ń wí. Ó ní ìbéèrè Tíṣà ni, òun ń dáhùn wọn fún ewé. Mo da ọ̀kan sílẹ̀, ó dáhùn kí n tó pa ẹnu dé. Mo tún da èyí tó le, ó dáhùn, kò dẹ́kun yíya ewé. Mo ní kí ló wá dé tí o kò sọ ọ́ ní kíláàsì. Ó wò mí bí ẹni tó ń wò ó pé àgbà ti wọ mí lára, ó ní Màmá, Kelepi ò tíì sọ tiẹ̀ nígbà yẹn kẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti gbọ́ pé òun kò ní ṣe ìdánwò náà, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, òun á máa bá mi ya ewé. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀ láìsí igbe, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu orí ewé kó má bàa ní àbàwọ́n.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde, mo ró ẹní mọ́ ìdí, mo gba ilé Tíṣà lọ. Mo bá a níbi tó ti ń jó ẹ̀gẹ́ lórí iná, ó sọ pé sísè lòun ń sè é. Mo kọ́kọ́ bá a yọ ọ́ kúrò, mo sì là á yé e bí nǹkan ṣe rí, ta ló ga ju ta ni, ta ni kò gbọdọ̀ bá ta ni ṣeré, àti pé Hepisipa mọ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá òun máa ń lé òun jáde tí arábìnrin òun bá ti wá wo tẹlifíṣọ̀n, òun rò pé ìkà lásán ni. Ó ní kí n má bínú. Mo ní inú kò bí mi, ẹ̀gẹ́ yín ló ń bí mi nínú. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló bi mí pé irú eré wo làwọn ọmọbìnrin ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ẹnì kan kì í borí ẹnì kan.

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní nǹkan nípa ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Hiko ló wá sí mi lẹ́nu. Ọsàn wẹ́wẹ́ la fi ń ṣe é, a óò máa jù wọ́n sókè yíká lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò máa hán wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n balẹ̀, orin ló sì ń tọ́ ọwọ́ sọ́nà. Ìyá mi lè ju márùn-ún kó sì máa bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí ọ̀gbà. A máa ń tò sí etíkun bí iṣẹ́ bá parí, ọmọbìnrin mélòó kan, ẹni tí tiẹ̀ bá já bọ́, ẹni tó tẹ̀ lé e á gbà á, orin kò ní dúró. Mo mú ọsàn láti inú agbọ̀n Tíṣà, mo ní kí n fi hàn án. Àkọ́kọ́ bà á níwájú orí. Ìkejì wọ inú ìkòkò. Mo ní kó dákẹ́, kó má rẹ́rìn-ín, kó jẹ́ kí ọwọ́ mi rántí. Ó pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ mi sì rántí. Mo dúró níwájú ilé ọmọ ọlọ́mọ, mò ń ju ọsàn, mò ń kọ orin ìyá mi, omi sì wà lójú mi. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Ṣe ni mo kàn pàdé ara mi.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọkùnrin ń ju bọ́ọ̀lù wọn nínú kíláàsì, àwọn ọmọbìnrin wà lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ògiri kíláàsì, níbi tí ojú kò ti rí ojú. A yọ ọ̀rọ̀ inú orin, a fi ìṣirò rọ́pò rẹ̀. Tíṣà á da ìṣirò sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, ọmọ tó ń ju ọsàn á sì dáhùn kí ọsàn tó wálẹ̀. Méje lọ́nà mẹ́ta, mọ́kànlélógún. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́fà, méjìdínláàádọ́ta. Ọsàn kò mọ ọmọ arábìnrin bàbá ẹnikẹ́ni, kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bí o bá ń wo ẹ̀yìn á bà ọ́ lórí. Hepisipa kọ́kọ́ ń wo ẹ̀yìn, ó bà á lórí. Nígbà tó yá kò wo ẹ̀yìn mọ́. Ìdáhùn ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi, Tíṣà sì ń da èyí tó le sí i sílẹ̀, òun ń dáhùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, títí a fi rí i pé ariwo àwọn ọmọkùnrin nínú ilé ti dákẹ́, wọ́n ń fetí sílẹ̀. Ọmọ tó máa ń bì yẹn kò bì mọ́, ó ní ẹnu òun kò ráyè. Tíṣà sì gbé tábìlì Hepisipa síwájú pátápátá, kí ó má lè rí pẹ́ńsù ẹnikẹ́ni. Kelepi náà, ìgbà tí kò sí arábìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń dúró dè é, ara tù ú, ó ń ka ìka rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ó sì ń mọ̀ ọ́n. Ìyàwó pásítọ̀ nìkan ló bínú, ó ní kò sí ọsàn ní ìlú mọ́ láti fún sí ẹja tútù.

Ọjọ́ ìdánwò, àwa ìyá se oúnjẹ bó ti yẹ, ewé kókò àti ẹran nínú wàrà àgbọn, iṣu, ẹlẹ́dẹ̀ kékeré méjì láti inú ààrò ilẹ̀. Obìnrin kan ló wá láti Pangai láti ṣọ́ wọn, ojú rẹ̀ le. Mo dúró sójú fèrèsé, mo mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, mo ní eṣinṣin ni mò ń lé kúrò lórí oúnjẹ, oúnjẹ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ilé. Mo rí Hepisipa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń kun ìwé, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, ó ń lọ sókè sódò. Obìnrin náà fura, ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Kò rí nǹkan kan, ọwọ́ lásán ni. Ó wo ọmọ náà, ó wo Tíṣà, Tíṣà wo òrùlé.

Èsì ti dé. Orí fóònù Tíṣà ló dé sí, fún ìgbà àkọ́kọ́ mo rí iṣẹ́ rere lọ́wọ́ fóònù. Kelepi ń lọ sí Pangai. Hepisipa ń lọ sí Tongatapu, ọmọ kan ṣoṣo láti erékùṣù wa. Ó sá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé nítorí pé ó ṣáájú Kelepi, Kelepi ló wá a lọ, ó dúró sí ọ̀ọ́kán gẹ́gẹ́ bó ti yẹ, ó ní kó jáde wá jẹun. Lute kò kí mi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹní rẹ̀ tó dára jù wá, èyí tí wọ́n fún un nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, ó ró o mọ́ Hepisipa ní ìdí, ó ní ohun gbogbo tí ọmọ àbúrò òun bá ní, tòun ni, nítorí náà òun ló yege. Mo ní kú oríire, Lute. A jọ rẹ́rìn-ín, a sì jọ sunkún.

Wàyí o, ọmọ mi, fi owó ránṣẹ́. Aṣọ ilé-ìwé wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, wọ́n ní kó gbé tìmùtìmù àti àwọ̀n ẹ̀fọn wá, owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Má gbàgbé iyọ̀ àti ṣúgà tèmi. Ọmọbìnrin tó ń sanwó ní ilé ìfowóránṣẹ́ máa ń béèrè nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ mi. N kò ní àṣírí níwájú Ọlọ́run, torí náà mo máa ń pariwo rẹ̀ kí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà gbọ́, kí wọ́n lè bá mi rántí rẹ̀ tí mo bá gbàgbé. Inú ọmọbìnrin yẹn kì í dùn sí i.

Nǹkan kan ló kù. Lálẹ́ ọjọ́ tí èsì dé, Hepisipa kò jẹun. Ó bi mí pé ta ló máa máa bá mi jẹun tí òun bá lọ. Mo sọ fún un pé ariwo rẹ̀ ti sú mi, pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá àyè sùn, pé èmi àti ẹlẹ́dẹ̀ á máa gbádùn ara wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹun tán, ó sì sùn. Bó bá pè ọ́ láti Tongatapu, tó ní kí o sọ bí mo ṣe wà, sọ fún un pé mò ń sùn dáadáa. Ìwọ nìkan ni mo kọ òtítọ́ sí, nítorí ìwọ náà bi mí ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ tìrẹ, irọ́ kan náà ni mo sì pa fún ọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ níbi tí ẹ wà. Kó fi oúnjẹ sí ọwọ́ yín, kó fi ọmọ sí ilé yín. Ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ, kí Ọlọ́run kọ́ ọ ní ọ̀nà ilé, kó sì jẹ́ kó bá mi láàyè lórí ìjókòó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Toakase